Google Patents àti The Lens: Àyẹ̀wò Irinṣẹ́ Méjì fún Kíka Pátẹ́ǹtì Ayé

Ẹni tó bá gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ pátẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fi ń dáàbò bo ohun tuntun tí ènìyàn dá sílẹ̀, lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Abuja yóò rí i pé ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀ ni bóyá fọ́ọ̀mù pé, bóyá owó ti wọlé, àti bóyá àlàyé àti àwòrán ẹ̀rọ náà wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Wọn kì í wádìí bóyá ẹlòmíràn ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí ní Brazil tàbí ní China. Òfin pátẹ́ǹtì ọdún 1970, tí a ṣì ń lò di òní, sọ ọ́ láìfi igbá kan bo ọ̀kan nínú pé ẹni tí wọ́n fún ní pátẹ́ǹtì ló ru ewu rẹ̀, ìjọba kò sì ṣe onígbọ̀wọ́ pé yóò dúró bí ẹnikẹ́ni bá pè é níjà. Ọrùn ẹni tó dá nǹkan tuntun sílẹ̀ ni gbogbo ìwádìí náà wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo Google Patents àti The Lens, ibi méjì tí a ti lè wá pátẹ́ǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí ohun tó kan oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa gbọ̀ngbọ̀n, ju bó ṣe kan àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó lówó láti gba agbẹjọ́rò lọ.

Google Patents bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 pẹ̀lú pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà nìkan. Lónìí, ó ti kó ìwé jọ láti ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì tó lé ní 100, iye ìwé náà sì ti kọjá mílíọ̀nù 120. The Lens ní tirẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Cambia, àjọ kan ní Ọsirélíà tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Richard Jefferson dá sílẹ̀. Èrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè rí ohun tí àwọn olówó ń rí. Àwọn méjèèjì ń lo kọ̀ǹpútà láti ka ọ̀rọ̀ inú ìwé pátẹ́ǹtì, kí wọ́n sì yọ ìmọ̀ jáde nínú rẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú lásán ṣe iṣẹ́ náà mọ́, nítorí ní ọdún 2023 nìkan, ìwé ẹ̀bẹ̀ pátẹ́ǹtì tí wọ́n fi sílẹ̀ káàkiri àgbáyé tó mílíọ̀nù 3.55, nínú èyí tí mílíọ̀nù 1.68 wọlé ní China.

Pípọ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Èdè tí wọ́n fi ń kọ pátẹ́ǹtì jẹ́ èdè tó ń fẹ́ gba ilẹ̀ púpọ̀, nítorí náà agbẹjọ́rò kì í pe nǹkan ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ bí orúkọ bẹ́ẹ̀ bá máa dín ààbò oníbàárà rẹ̀ kù. Ẹ wo pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà nọ́ńbà 6,285,999, tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1998, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Larry Page ni orúkọ tó wà lórí rẹ̀, Yunifásítì Stanford ló ni ín, òun sì ni PageRank, ọgbọ́n tí Google fi bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé ara wọn. Àkọlé rẹ̀ ni “Method for node ranking in a linked database”. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ bíi “web search” wá inú àkọlé kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lára àwọn pátẹ́ǹtì tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọjá níwájú rẹ̀ yẹn.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà yanjú èyí ti yí padà púpọ̀. Ọ̀nà àtijọ́, èyí tí Karen Spärck Jones, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1972, ni kí a wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ tó bá pọ̀ nínú ìwé kan ṣùgbọ́n tó ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ìwé yòókù ni yóò ní ìwọ̀n tó ga. Nínú pátẹ́ǹtì, “apparatus” àti “comprising” wà níbi gbogbo, nítorí náà wọn kò wúwo. “Cassava” ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ó wúwo. Ọ̀nà tuntun ni kí ọgbọ́n àtọwọ́dá ka gbogbo ìwé náà, kí ó sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan, lọ́nà tí àwọn ìwé tó jọra ní ìtumọ̀ yóò fi sún mọ́ ara wọn bí wọn kò tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú dátà pátẹ́ǹtì tí Google ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní ọdún 2017 lórí BigQuery, ibi tí Google ń kó dátà ńlá sí kí ènìyàn lè wá nǹkan nínú rẹ̀, nọ́ńbà 64 ló dúró fún ìwé kọ̀ọ̀kan báyìí. Ní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé irú BERT kan, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ka èdè, jáde tí wọ́n fi pátẹ́ǹtì tó lé ní mílíọ̀nù 100 nìkan kọ́, kí ó lè mọ èdè àwọn agbẹjọ́rò yìí dáadáa.

Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó sún mọ́ wa, ó sì ṣòro lóòótọ́. Rírin ẹ̀gẹ́, fífún un àti yíyan gàrí ti ní ẹ̀rọ tó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bíbó rẹ̀ ṣì ń dá àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ láàmú torí pé ẹ̀gẹ́ méjì kì í rí bákan náà: òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn sanra, òmíràn wọ́ bí ìgbín. Bí a bá tẹ “cassava peeling machine” sínú Google Patents, ìwé yóò jáde, púpọ̀ nínú wọn láti China, pàápàá láti Guangxi níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo yin Google Patents fún nìyí: ó ti túmọ̀ àwọn ìwé China yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, nítorí náà ẹni tó wà ní Ṣàgámù lè ka àlàyé ẹ̀rọ tí wọ́n fi èdè China kọ láìsan kọ́bọ̀. Ìtumọ̀ náà kì í gún régé nígbà gbogbo. Orúkọ páàtì ẹ̀rọ kan lè yí padà nígbà méjì láàárín ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Àwòrán ló ń gba ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀, torí pé nọ́ńbà tó wà lára páàtì nínú àwòrán kì í yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ojú ìwé kan fínnífínní. Lápá òsì ni àkọlé, àkékúrú àlàyé àti àwòrán. Lápá ọ̀tún ni àpótí tí orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tó ti wọlé wà. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, a ó bá àtẹ kan tí wọ́n pè ní Concepts, tí wọ́n sì kọ “machine-extracted” sí, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ló yọ àwọn kókó ọ̀rọ̀ náà jáde tó sì ka iye ìgbà tí wọ́n fara hàn. Àtẹ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ti lè rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ń ka ìwé náà, àti pé nígbà mìíràn ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ nǹkan kan síbẹ̀ bí ẹni pé kókó ni. Nísàlẹ̀ pátápátá ni Similar Documents, àkójọ ìwé tí ẹ̀rọ gbà pé wọ́n jọ èyí tí a ń kà. Lójú tèmi, àkójọ yìí ni ohun tó níye lórí jù nínú Google Patents. Ó lè gbé ènìyàn láti orí ẹ̀gẹ́ lọ sórí ọ̀dùnkún, iṣu tàbí átalẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ jọra, ibí yìí sì ni ìdáhùn ìṣòro ẹ̀gẹ́ ti sábà máa ń sá pamọ́ sí.

Síbẹ̀, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí nìkan. Google kò ṣàlàyé fún wa ìdí tí ìwé kan fi wà lókè tí òmíràn fi wà nísàlẹ̀ nínú àkójọ náà, a kò sì lè mọ ohun tó fò. Ohun tó ń tún un ṣe ni àmì ìsọ̀rí CPC, ètò tí ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní January 2013, tó ní ìsọ̀rí tó tó 250,000. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ló ń fi ìwé sábẹ́ àmì wọ̀nyí. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ bíbó èso àti ewébẹ̀ wà lábẹ́ A23N 7. Bí a bá fi àmì yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi cassava, manioc, mandioca àti tapioca wá a, tí a sì tún gba ojú Similar Documents lọ, ìgbà yẹn ni ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí wá nǹkan, tó sì sọ pé òun kò rí ohunkóhun, kò tíì wá a.

Àwọn àléébù mìíràn wà tí Google fúnra rẹ̀ kọ sójú ìwé. Ó sọ níbi tí ó ti ń kọ bóyá pátẹ́ǹtì ṣì wà láàyè pé àbá lásán ni, kì í ṣe ìdájọ́ òfin, ó sì sọ bákan náà nípa orúkọ ẹni tó ni ín. Àwọn tó ń kánjú kì í ka ìlà kékeré yẹn. Àtẹ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ń yọ lókè àbájáde, tó ń fi hàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní pátẹ́ǹtì jù, orí àbájáde 1,000 tó wà lókè nìkan ló dúró lé. Nínú pápá tó gbòòrò, èyí kéré jù láti fi sọ ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń lọ. Mo ti rí àbọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n sanwó gidi fún, tí ẹni tó ṣe é kàn da àtẹ yìí kọ tó sì pè é ní ipò tí ọjà àgbáyé wà. Ìyẹn kò dára.

Fún mímọ ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń lọ, The Lens ni mo yàn. Ó ní àwọn àtẹ àti àwòrán tí a lè tẹ̀ kí wọ́n sì dín àbájáde kù lójú ẹsẹ̀, ó ń jẹ́ kí a fi àkójọ wa pamọ́, ó sì ń ránṣẹ́ sí wa bí ìwé tuntun bá wọlé. Ohun tó mú un ta yọ jù ni pé ó so pátẹ́ǹtì mọ́ ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀, nítorí náà a lè béèrè ìbéèrè tí irinṣẹ́ mìíràn kì í dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́: irú ìwádìí wo láti yunifásítì tàbí ilé ìwádìí kan ni pátẹ́ǹtì tọ́ka sí? Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, lórí ẹ̀gẹ́ ti di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun ń kọ́lé lé lórí, ibí yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ní PatSeq, apá tó wà fún wíwá ìlà jíìnì tó wà nínú pátẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ohun alààyè nìyẹn, mi ò ní dúró lé e lórí.

Ṣùgbọ́n àwòrán The Lens lè ṣini lọ́nà bí a kò bá mọ ohun méjì. Èkíní ni ìdílé pátẹ́ǹtì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ní ìwé ní Amẹ́ríkà, ní Japan, ní Yúróòpù àti ní China. Bí a bá ka ìwé, mẹ́rin ni, bí a bá ka ìdílé, ọ̀kan ni. The Lens ní bọ́tìnì tó ń kó ìwé jọ sí ìdílé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán ìlà kankan láìkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni oṣù 18. Ìwé ẹ̀bẹ̀ pátẹ́ǹtì kì í sábà jáde sí gbangba títí di oṣù 18 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ọjọ́ ìfisílẹ̀ ya àwòrán, ìlà náà yóò já wálẹ̀ ní ọdún méjì tó kẹ́yìn bí ẹni pé àwọn ènìyàn ti pa iṣẹ́ náà tì. Kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan tì. Ìwé ni kò tíì jáde. Ẹni tó bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ síwájú ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ náwó lè pa iṣẹ́ tó dára lára.

A lè rí bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ṣe é dáadáa nínú àbọ̀ tí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọgbọ́n orí ní Geneva, gbé jáde ní July 2024 lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ̀wé tó sì ń yàwòrán. Ìdílé pátẹ́ǹtì 54,000 ni wọ́n kà láàárín 2014 sí 2023. 733 péré ló jáde ní 2014, ó ti lé ní 14,000 ní 2023. China ní ju 38,000 lọ, Amẹ́ríkà ní 6,276, Tencent ló sì wà lókè láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú 2,074. Ìdílé ni wọ́n kà, wọ́n sì lo ọjọ́ ìgbéjáde, ohun méjèèjì tí mo sọ lókè yìí. Àmọ́ OpenAI, tó gbé ChatGPT jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí gbogbo ayé fi mọ irú ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí, kò sí láàárín àwọn tó wà lókè àtẹ náà. Pátẹ́ǹtì ń sọ ohun tí ènìyàn yàn láti fi hàn kí wọ́n lè dáàbò bò ó. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe àṣírí kò ní sí níbẹ̀ láé, bí ọgbọ́n tó ń ka ìwé náà ti wù kó jinlẹ̀ tó.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún ilé-iṣẹ́ W. R. Grace àti ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní pátẹ́ǹtì Yúróòpù EP 0436257 ní ọdún 1994 lórí lílo òróró igi neem, igi tí àwa ń pè ní dóńgóyárò, láti fi pa àrùn olú lára ọ̀gbìn. Àwọn ará India àti àwọn tó tì wọ́n lẹ́yìn ní Yúróòpù gbé e lọ síwájú ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Yúróòpù, wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ India ti ń ṣe é tipẹ́; wọ́n wọ́gi lé e ní ọdún 2000, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì parí ní 2005. Ọdún mọ́kànlá gbáko. Kò sí àlọ́rítímù tó lè rí ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀. India kọ́ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àkójọ ìmọ̀ ìbílẹ̀ wọn lórí kọ̀ǹpútà ní 2001 kí àwọn tó ń yẹ pátẹ́ǹtì wò lè rí i. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oníṣègùn wa mọ̀ nípa ewé àti egbò ṣì wà nínú orí àwọn àgbà nìkan, Google Patents àti The Lens kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn yunifásítì wa ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ìmọ̀ náà.

Àwọn kan ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí wọ́n kàn bi irinṣẹ́ AI tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ léèrè. Ó wúlò fún ríronú orúkọ mìíràn tí nǹkan lè máa jẹ́, tàbí fún ṣíṣàlàyé gbólóhùn Claims tó gùn tó sì lọ́, ìyẹn apá tí ẹni tó ni pátẹ́ǹtì ti ń sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ti fún mi ní nọ́ńbà pátẹ́ǹtì tó dún bí òtítọ́, tí mo sì bá ohun mìíràn pátápátá nígbà tí mo ṣí i. Ẹ máa ṣí gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín, ẹ má sì ṣe kọ ohun tuntun tí ẹ kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú irinṣẹ́ tí ẹ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ.

Ní ti owó, Google Patents kò gba nǹkan kan. The Lens ń fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ àǹfààní aráyé láàyè ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè ní láti sanwó. Ẹni tó mọ SQL, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń wá nǹkan nínú àkójọ dátà, lè lo dátà Google lórí BigQuery, tó ń fúnni ní ìwọ̀n ìwárí tírábáìtì 1 lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù; ẹ kàn rí i dájú pé àwọn òpó tí ẹ nílò nìkan ni ẹ pè, torí ọ̀rọ̀ kíkún inú ìwé lè jẹ ìwọ̀n náà tán ní ìwárí kan tàbí méjì. WIPO náà ní ètò ASPI, tó ń jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí ní orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lo àwọn irinṣẹ́ olówó ńlá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Kí àwọn yunifásítì wa béèrè nípa rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń jó irin ní àdúgbò wa mọ̀. Pátẹ́ǹtì kì í rìn kọjá ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CN tó sì parí pẹ̀lú U jẹ́ irú ààbò kékeré ti China, ọdún 10 ló ń lò, China nìkan ló sì ń dè. Bí ẹni tó ni ín kò bá gbé e wá sí Nàìjíríà, kò sí òfin tó ní kí ẹ má ṣe irú ẹ̀rọ náà níbí. Ẹ tẹ orí ìdílé rẹ̀ lórí Google Patents tàbí The Lens láti mọ ibi tó dé, kí ẹ sì jẹ́rìí rẹ̀ ní ọ́fíìsì Abuja kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, torí pé irinṣẹ́ méjèèjì yìí kò tó gbẹ́kẹ̀ lé fún àkọsílẹ̀ tiwa. Àwọn ará wa ní Benin àti Togo ní láti wo ibòmíràn: OAPI ní Yaoundé ló ń forúkọ sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè 17 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìwé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OA dè wọ́n, bí kò tilẹ̀ de ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ kan náà ní Ìdírókò.